Agbaṣẹ́ṣe Ní Òun Ti Pààrọ̀ Báǹkì: Ohun Tí Ọ́fíìsì Akápò Káńsù Gbọ́dọ̀ Ṣe Kí Owó Tó Jáde

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń béèrè ṣáá. Ímeèlì wọlé láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n mọ̀. Ó ní òun ti kúrò ní báǹkì tí òun ń lò tẹ́lẹ̀, ó fi nọ́ńbà àkáǹtì tuntun ránṣẹ́, ó sì fi ínfọ́ìsì tì í. Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́, iye owó bá ìwé àdéhùn mu, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wà lórí ìwé. Ṣé kí àwọn san án?

Ẹ má tíì san án. Ẹ kọ́kọ́ pe agbaṣẹ́ṣe náà lórí nọ́ńbà fóònù tó wà nínú fáìlì yín àtijọ́, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì náà. Bí ẹ bá ka ìyẹn nìkan tí ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ ti mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyókù wà fún ẹni tó ń kọ fáúṣà (ìwé ìsanwó), ẹni tó ń buwọ́ lù ú, àti ẹni tó ń tẹ owó jáde lórí kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ ní káńsù kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní ọ́fíìsì ìlú kan ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì.

## Bí owó ṣe ń gba ọwọ́ wa lọ

Ẹ jẹ́ ká fi ti Cabarrus County, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 27 Oṣù Kọkànlá 2018, ímeèlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Branch and Associates, ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama tuntun kan. Ó fẹ́ kí wọ́n yí àkáǹtì. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí i, ó kún un, ó dá a padà pẹ̀lú ìwé báǹkì. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Kérésì, 2,504,601 dọ́là jáde. Ọjọ́ 8 Oṣù Kìíní 2019 ni ilé iṣẹ́ gidi wá béèrè pé owó àwọn dà. Wọ́n rí 776,518 dọ́là dì mú. Èyí tó lé ní mílíọ̀nù 1.7 dọ́là ti wọlẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò san 75,000 dọ́là péré.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni já wọ inú kọ̀ǹpútà káńsù kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ béèrè fún ìwé, ìwé sì dé, ṣùgbọ́n ọwọ́ olè gan-an ni wọ́n fi fọ́ọ̀mù lé. Fọ́ọ̀mù tí a kún dáadáa kò sọ ẹni tó kún un.

Ibo ni àwọn olè ti ń mọ agbaṣẹ́ṣe yín? Ibi gbogbo. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lórí pátákó tí ẹ rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi iṣẹ́. Ó wà nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ tí alága lọ ṣí iṣẹ́, ó wà lórí Facebook káńsù, pẹ̀lú àwòrán. Nílẹ̀ òkèèrè, àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú máa ń sọ iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sábà ń gbà:

- Agbaṣẹ́ṣe ayédèrú. Iṣẹ́ gidi, àkáǹtì olè. Èyí ló ń kó owó ńlá lọ.
- Ọ̀gá ayédèrú. Ní Ottawa ní Kánádà, Oṣù Keje 2018, akápò ìlú náà san nǹkan bí 97,800 dọ́là Amẹ́ríkà nítorí ímeèlì tó dà bíi pé ọ̀gá àgbà ìlú ló kọ ọ́. Ìgbà tí ìbéèrè kejì wọlé, tí òun àti ọ̀gá náà sì jọ wà ní ìpàdé, ló bi í léèrè lójúkojú. Lọ́dọ̀ tiwa, WhatsApp ni: àwòrán alága lójú, nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, “mo wà ní ìpàdé l'Ábújá, ẹ bá mi san èyí kíá.”
- Ínfọ́ìsì tí kò sí iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Owó kékeré: tàdáwà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, owó ọdún fún orúkọ ìkànnì, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lọ.
- Òṣìṣẹ́ ayédèrú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí àkáǹtì owó oṣù mi padà.” Ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí ni kí ẹ lò fún un, kò yàtọ̀.

## Ẹ yẹ ímeèlì náà wò (ìṣẹ́jú 5)

1. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ kí àdírẹ́sì rẹ̀ lè hàn délẹ̀. Lórí fóònù, orúkọ nìkan ló máa ń hàn, orúkọ ni ẹnikẹ́ni sì lè kọ bó ṣe wù ú. Bí ó bá ṣeé ṣe, orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ka ímeèlì tó bá jẹ mọ́ owó.

2. Ẹ da àdírẹ́sì náà kọ, kí ẹ fi wá inú àpótí ímeèlì yín. Èyí dára ju kí ẹ máa fi ojú wò ó lọ. Bí agbaṣẹ́ṣe náà bá ti ń kọ̀wé sí yín láti ọdún méjì, tí àdírẹ́sì yìí kò sì mú lẹ́tà àtijọ́ kankan jáde, tuntun ni. Ojú a máa tan ni: *modernroads* àti *modemroads* kò yàtọ̀ lójú ẹni tó ń kánjú, torí pé *r* àti *n* tó sún mọ́ra ti di *m*. Bẹ́ẹ̀ náà ni *.com.ng* tó di *.com*, tàbí *s* kan tí wọ́n fi kún ìparí orúkọ.

3. Ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ fèsì, kí ẹ wo ibi tí èsì ń lọ. Ẹ má fi ránṣẹ́. Bí àdírẹ́sì tó jáde níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lókè ímeèlì, ẹ dúró níbẹ̀.

4. Nínú Gmail, ẹ tẹ àmì mẹ́ta kéékèèké tó wà lápá ọ̀tún, kí ẹ yan “Show original”. Ẹ máa rí SPF, DKIM àti DMARC, àyẹ̀wò mẹ́ta tó ń wò bóyá ọ̀dọ̀ ẹni tó ni àdírẹ́sì náà ni ímeèlì ti wá. Bí ọ̀kan bá kọ FAIL, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa fi àdírẹ́sì agbaṣẹ́ṣe yín kọ̀wé. Ṣùgbọ́n PASS kò túmọ̀ sí pé ó mọ́: ẹni tó ra *modemroads* ní owó ara rẹ̀ máa gba PASS lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

5. Ẹ má ṣe kọ páásíwọ̀ọ̀dù kí ẹ tó rí ìwé. Bí PDF tàbí líǹkì bá ní kí ẹ kọ páásíwọ̀ọ̀dù ímeèlì yín kí ínfọ́ìsì tó ṣí, ìdẹ ni. Páásíwọ̀ọ̀dù yín ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè jókòó sínú àpótí yín, kí wọ́n máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ owó, títí ọjọ́ ìsanwó fi máa pé.

Ìkìlọ̀: ó lè jẹ́ pé àpótí ímeèlì agbaṣẹ́ṣe yín gan-an ni wọ́n ti gbà. Nígbà náà, àdírẹ́sì máa tọ̀nà, lẹ́tà àtijọ́ máa wà nísàlẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà kí yín kò ní yàtọ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ímeèlì lè dá a lẹ́bi, kò lè dá a láre. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó kàn.

## Nígbà tí ẹnì kan bá ní kí ẹ yí àkáǹtì

1. Ẹ dá gbogbo owó ilé iṣẹ́ náà dúró. Kì í ṣe ínfọ́ìsì yìí nìkan. Èyí tó ti wà lórí ìlà fún ọ̀la náà gbọ́dọ̀ dúró.

2. Ẹ wá nọ́ńbà fóònù nínú ìwé tó ti wà kí ìbéèrè yìí tó dé: ìwé àdéhùn, ìwé tí wọ́n fi díje fún iṣẹ́, ìwé CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀) tí wọ́n kó wá nígbà tí ẹ forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ má lo nọ́ńbà tó wà nínú ímeèlì, lórí ínfọ́ìsì, tàbí lórí ìwé tuntun tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lókè. Ẹ má wá a lórí Google pẹ̀lú. Ìkànnì ayédèrú kò ṣòro láti gbé kalẹ̀.

3. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè. Bí “agbaṣẹ́ṣe” bá pè yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ímeèlì láti béèrè bóyá ó ti dé, ẹ dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ gé fóònù náà, kí ẹ wá pe nọ́ńbà inú fáìlì. Ohùn tí ẹ mọ̀ kò tó ẹ̀rí mọ́, ẹ̀rọ ti ń sín ohùn ènìyàn jẹ.

4. Ẹ má ka nọ́ńbà tuntun náà fún un. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí ẹ bá ní “ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ti lọ sí báǹkì báyìí, nọ́ńbà báyìí?”, ẹni tó ń kánjú máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àkáǹtì wo ni ká san owó yín sí?” Kí òun fúnra rẹ̀ kà á. Ẹ tún bi í ní iye tí ẹ san kẹ́yìn àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkáǹtì àtijọ́.

5. Ẹ fi ọ̀nà kejì kún un. Ní káńsù ilé, èyí tó dára jù ni kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, ìwé ìpinnu ilé iṣẹ́ àti ìwé láti báǹkì. Kò sí agbaṣẹ́ṣe tó ń retí mílíọ̀nù 40 náírà tí kò ní lè wọkọ̀ wá. Bí ìwé báǹkì bá dé, ẹ pe ẹ̀ka báǹkì tó kọ ọ́. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà kọ́ ni kí ẹ lò.

6. Ẹ wo orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì náà, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì. Àlàyé rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

7. Ẹlòmíràn ni kó yí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kẹta ni kó fọwọ́ sí i. Ẹni tó gba ímeèlì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa yí àkáǹtì.

8. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, nọ́ńbà tí ẹ pè, ibi tí ẹ ti rí nọ́ńbà náà, ẹni tó gbé e, ohun tó sọ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáúṣà. Bí ọ́dítọ̀ bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó buwọ́ lù ú ló máa kọ́kọ́ pè.

9. Ẹ fi ìkéde ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì àtijọ́ àti fóònù àtijọ́ pé ẹ gba ìbéèrè láti yí àkáǹtì. Ẹni gidi tí kò béèrè rẹ̀ máa figbe ta.

10. Ẹ dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 3, kí ẹ kọ́kọ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ ránṣẹ́, ₦100 tó. Ẹ pe nọ́ńbà inú fáìlì, kí agbaṣẹ́ṣe sọ iye tó wọlé àti wákàtí tí àlááàtì dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ìyókù tẹ̀lé e.

Kì í ṣe ímeèlì nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé o. Ní ìlú Erie ní Colorado, ọdún 2019, orí fọ́ọ̀mù tó wà lórí ìkànnì ìlú náà ni ẹnì kan ti ní kí wọ́n má fi ṣẹ́ẹ̀kì san owó ilé iṣẹ́ tó ń ṣe afárá mọ́, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ tààrà sí báǹkì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là tó lọ. Ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà bákan náà, inú ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn ni olè ti yí àkáǹtì, wọ́n sì fọwọ́ sí i láìpe ẹnikẹ́ni. Owó méjì jáde níbẹ̀rẹ̀ 2025, nǹkan bí 803,000 dọ́là àti nǹkan bí 721,000 dọ́là. Èkejì nìkan ni wọ́n rí gbà padà. Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn ní ìlú náà. Nítorí náà, ibi yòówù kí ìbéèrè náà gbà wọlé, ìgbésẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọ̀nyí ni kó gbà kọjá, kódà bí lẹ́tà onípépà ni, tí ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wá.

## Orúkọ lórí àkáǹtì: ohun tó lè sọ àti ohun tí kò lè sọ

Ní Nàìjíríà, bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì oní-dígíìtì 10 sínú ètò ìsanwó báǹkì, orúkọ ẹni tó ni ín máa jáde kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Àǹfààní ńlá ni. Ẹni tó bá ń tẹ “tẹ̀síwájú” láìka orúkọ ti da àǹfààní náà nù.

Kí ẹ máa ṣọ́:

- *Limited* nínú ìwé àdéhùn, *Enterprises* tàbí *Ventures* lórí àkáǹtì. Ilé iṣẹ́ méjì ni lójú òfin. Fíforúkọ sílẹ̀ ní CAC kò le. Olè lè forúkọ òwò tó jọ ti agbaṣẹ́ṣe yín sílẹ̀, kó sì fi ṣí àkáǹtì. Ẹ fi nọ́ńbà RC (ti ilé iṣẹ́ Limited) tàbí BN (ti orúkọ òwò) wá a lórí ìkànnì CAC.
- Orúkọ ènìyàn dípò ilé iṣẹ́. “Àkáǹtì akọ̀wé owó wa ni” kì í ṣe àlàyé.
- Àkáǹtì ní ilé ìfowópamọ́ orí fóònù fún ilé iṣẹ́ tó ń gba ogún mílíọ̀nù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ fi ìlọ́po méjì béèrè.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn báǹkì ńlá ti ń fi orúkọ wé nọ́ńbà láti 2020, wọ́n máa sọ fún yín bóyá ó bá ara mu, ó sún mọ́ ọn, tàbí kò bá ara mu. “Ó sún mọ́ ọn” kò tó fún owó ìlú. Ní Amẹ́ríkà ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù: nọ́ńbà ni báǹkì máa ń tẹ̀lé, owó sì lè wọlé sí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ kò jọ èyí tí ẹ kọ rárá. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé síbẹ̀ ṣiṣẹ́ lè rò pé báǹkì ti bá òun yẹ orúkọ wò. Kò yẹ ẹ́ wò.

## Ínfọ́ìsì fúnra rẹ̀

Bí àkáǹtì kò bá tilẹ̀ yí, ìwé mẹ́ta gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu kí fáúṣà tó wáyé: LPO (ìwé tí ẹ fi pàṣẹ ọjà) tàbí ìwé tó fi iṣẹ́ náà fún un, SRV (ìwé pé ọjà ti wọ ibi ìkẹ́rùsí) fún ọjà tàbí ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti dé ibi tí wọ́n ní ó dé, àti ínfọ́ìsì. Ẹni tó fojú rí ọjà tàbí iṣẹ́ náà, tó bá jẹ́ ẹnjinníà ni tàbí alábòójútó ibi ìkẹ́rùsí, ni kó buwọ́ lu ẹ̀rí náà. Akápò kò lè jẹ́rìí sí gọ́tà tí kò dé ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà:

- Ṣé nọ́ńbà ínfọ́ìsì tẹ̀lé ti tẹ́lẹ̀? Ilé iṣẹ́ tó fi 0046 ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá kì í fò sí 1003.
- Ṣé ẹ ti san nọ́ńbà yìí rí, tàbí iye kan náà fún iṣẹ́ kan náà?
- Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. VAT Nàìjíríà jẹ́ 7.5%, ínfọ́ìsì ayédèrú a máa ṣì í, torí pé owó àpapọ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ ń wò.
- Ṣé iye náà kù díẹ̀ kó tó èyí tí ẹnì kan nìkan lè fọwọ́ sí? Bí ààlà yín bá jẹ́ ₦500,000, tí ₦490,000 sì ń wọlé léraléra, ẹ kó gbogbo wọn jọ kí ẹ wò wọ́n pọ̀. Èyí kì í sábà jẹ́ olè ìta nìkan.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Fífi ímeèlì yẹ ímeèlì wò. Òṣìṣẹ́ fura, ó fèsì pé “ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?” Olè fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Èyí ló wọ́pọ̀ jù.

Ẹnì kan di gbogbo tókìn (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kódù ìfọwọ́sí owó jáde) mú. Báǹkì ti ya iṣẹ́ sọ́tọ̀: ẹnì kan ń kọ owó sílẹ̀, ẹlòmíràn ń fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò fẹ́ ìyọlẹ́nu, ó fi tókìn tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, páásíwọ̀ọ̀dù sì wà nínú ìwé kékeré inú dúrọ́ọ̀. Ìfọwọ́sí méjì ti di ọ̀kan nìyẹn. Bí ẹ bá máa tún ohun kan ṣe lọ́sẹ̀ yìí, èyí ni kí ẹ tún ṣe.

Ìkánjú ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá tàbí Kérésì, àti ìparí ọdún ìnáwó ni ọwọ́ máa ń dí. Ẹ ṣe é ní òfin pé àkáǹtì kankan kì í yí lẹ́yìn agogo 12 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ìbẹ̀rù ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ kékeré kò ní lè bi alága pé “ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí sà?” àfi bí alága fúnra rẹ̀ bá ti sọ ọ́ ní gbangba pé kí wọ́n máa béèrè. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì: owó kankan kò gbọ́dọ̀ jáde nítorí WhatsApp tàbí ìpè lórí fóònù nìkan, kódà bí èmi ni mo pè.

## Bí òṣìṣẹ́ yín kò bá pọ̀

Bí ènìyàn méjì péré ló wà nídìí owó, ọ́dítọ̀ inú ilé tàbí HLA (olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù) ni kó máa pe agbaṣẹ́ṣe. Kò gba àkókò, ìpè kan ni. Ní ìlú kékeré nílẹ̀ òkèèrè tí akọ̀wé kan ṣoṣo wà, ẹ ní kí báǹkì yín fi dandan lé e pé ẹnì kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó tó bá kọjá iye kan, ìbáà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú tó wà nílé rẹ̀.

Tí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ má fi 2, 3, 4 àti 10 sílẹ̀.

## Ẹ ti ilẹ̀kùn ímeèlì yín

Ọ̀pọ̀ káńsù ilé ṣì ń lo Gmail lásán tí ènìyàn márùn-ún mọ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Àdírẹ́sì tó ní gov.ng ló yẹ, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Títí ìyẹn fi máa ṣeé ṣe:

1. Ẹ tan “2-Step Verification”. Kódù láti orí áàpù dára ju ti SMS lọ, torí pé wọ́n lè jí síìmù gbà.
2. Nínú “Settings”, ẹ ṣí “Filters and Blocked Addresses” àti “Forwarding and POP/IMAP”. Bí ẹ bá rí òfin tí ẹ kò ṣe, tàbí àdírẹ́sì tí ẹ kò mọ̀ tí lẹ́tà yín ń lọ, ẹnì kan ti wà nínú ilé. Nínú Outlook, ibi tí wọ́n ń pè ní “Rules” ni. Wọ́n fẹ́ràn láti kó lẹ́tà tó bá ní “invoice” tàbí “payment” sínú fódà “RSS Feeds” tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.
3. Ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó ń lo àkáǹtì ímeèlì náà, kí ẹ lé èyí tí ẹ kò mọ̀ jáde.
4. Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù ní ọjọ́ kan náà tí òṣìṣẹ́ bá kúrò tàbí tí wọ́n gbé e lọ sí káńsù mìíràn.

## Bí owó bá ti lọ

Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Owó kì í sùn nínú àkáǹtì àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń pín in sí àkáǹtì ènìyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

1. Ẹ pe ẹ̀ka tó ń rí sí jìbìtì ní báǹkì yín. Ẹ má kàn fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ka tí ẹ mọ̀, kí ẹ wá jókòó. Ẹ ní ọjọ́, wákàtí, iye owó, báǹkì àti àkáǹtì tó gbà á, àti “session ID” (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìfowóránṣẹ́ náà) lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n kàn sí báǹkì tó gba owó náà lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dì í mú. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín.
2. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ ní wákàtí kan náà. Báǹkì kì í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ́.
3. Ẹ sọ fún HLA, alága àti ọ́dítọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì nítorí ìtìjú ti bá olè gba ọjọ́ méjì.
4. Ẹ dá gbogbo owó tó wà lórí ìlà dúró, kí ẹ tún yẹ gbogbo àkáǹtì tó yí láàárín 90 ọjọ́ wò. Ní Peterborough, New Hampshire, ọdún 2021, wọ́n kọ́kọ́ rí i pé owó ilé ẹ̀kọ́ kò dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó rí i pé ti agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe afárá náà ti lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.3 dọ́là.
5. Ẹ má pa ímeèlì náà rẹ́, ẹ má sì fèsì sí olè. Ẹ fi pamọ́ bó ṣe wà. Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù, kí ẹ tún yẹ òfin inú ímeèlì wò.
6. Ẹ pe agbaṣẹ́ṣe gidi lórí fóònù. Ó lè jẹ́ àpótí tirẹ̀ ni wọ́n wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì ti kọ̀wé sí àwọn káńsù mìíràn.
7. Ẹ fi ẹjọ́ sùn. Ní Nàìjíríà: EFCC, àti ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin Cybercrimes Act ti 2015, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2024, fẹ́ kí ìkọlù sí ètò kọ̀ǹpútà dé etí ngCERT, àjọ ìjọba tó ń rí sí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, láàárín wákàtí 72. Ní Amẹ́ríkà: ic3.gov, ìkànnì tí FBI fi ń gba ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́jọ́ náà gan-an. FBI ní ìgbìmọ̀ kan tó ń bá àwọn báǹkì sọ̀rọ̀ láti dí owó. Ní Gẹ̀ẹ́sì: báǹkì àti ọlọ́pàá, kí ẹ sì darí ímeèlì náà sí report@phishing.gov.uk. Bí káńsù bá wà lókè òkun, tí owó sì gba Nàìjíríà kọjá, ẹ má rò pé kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀: nígbà Operation reWired, ìdọdẹ àwọn oníjìbìtì ímeèlì tí Amẹ́ríkà kéde ní Oṣù Kẹsàn-án 2019, ènìyàn 281 ni wọ́n mú káàkiri ayé, 167 nínú wọn ní Nàìjíríà.
8. Ẹ wo ìwé adójútòfò yín lónìí, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó san fún owó tí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́ nítorí ẹ̀tàn, àti iye tó ga jù tó lè san. 75,000 dọ́là tí Cabarrus gbà, ẹ ti rí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnì kan máa pè yín. Ó máa ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà, pé òun ní ènìyàn ní báǹkì tàbí ní EFCC, pé owó iṣẹ́ díẹ̀ ni òun máa gbà kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé fóònù náà, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣèwádìí.